ILÉ KAN ṢOṢO LẸ́BÀÁ IGBÓ ERIN

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa, ọmọ sẹ́ẹ̀tì 1969, sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àná

  

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àyíká wa. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún fẹ̀ jù fún mi. Láti 1972 títí di 2007, ọdún 35 gbáko, ìdí ìwé àṣẹ ìkọ́lé ni mo ti jẹun. Ilé ni mo mọ̀. Nítorí náà, ilé ni n ó sọ̀rọ̀ lé lórí, ilé kan ṣoṣo náà sì ni. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ọ̀rẹ́ mi kan tó jókòó lápá ẹ̀yìn yẹn á mọ̀ pé òun ni mò ń dá lóhùn.

Kí n má tilẹ̀ fi pamọ́: Lábọ́ ni. Ta ni kò mọ Lábọ́ nínú wa? Òun ni púrífẹ́ẹ̀tì tó ń pín koríko fún wa gé ní 1969. Bí o bá fi ìwọ̀n àtẹ́lẹsẹ̀ kan sílẹ̀ láìgé, á fi okùn wọ̀n ọ́n, á sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì fún ọ ní ọjọ́ Sátidé. Ọwọ́ mi ṣì ní àpá àdá ọjọ́ náà.

Ní ìpàdé èṣí, Lábọ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tú àwòrán ilé sílẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Ó ti ra ilẹ̀ éékà mẹ́ta nítòsí igbó ọba Omo, níhà tiwa ní ẹnu àlà. Ilé oníyàrá mẹ́rin, fàráńdà níwájú, fàráńdà lẹ́yìn. Ó ní ariwo ìlú ti sú òun, pé níbẹ̀ ni òun fẹ́ fi ọjọ́ alẹ́ òun sí, pé a tilẹ̀ lè máa ṣe ìpàdé wa níbẹ̀. Ó wá ní, "Àwọn ọmọ tí o kọ́ níṣẹ́ ló wà ní ọ́fíìsì yẹn báyìí. Ìwọ ṣáà bá mi bá wọn sọ̀rọ̀." Mo ní ó dáa. Ọdún kan rèé, n kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó pè mí títí, ó rẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba, torí pé lẹ́yìn Lábọ́, mo mọ̀ ó kéré tán èèyàn mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn yìí tí wọ́n ń wá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ibẹ̀, igbó ọba Omo wà ní apá Ìjẹ̀bú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 1,300. Ní 1925 ni ìjọba amúnisìn ti yà á sọ́tọ̀, nígbà tó sì di 1977, àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn igbó tí ó yẹ kí gbogbo ayé máa ṣọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti kọjá lágbègbè rẹ̀ lórí títì márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin láìmọ̀ pé erin wà lọ́hùn-ún. Erin gidi o, kì í ṣe erin inú ìwé. Erin igbó kéré sí erin pápá tí wọ́n máa ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, eyín rẹ̀ sì tọ́ lọ sísàlẹ̀. Nǹkan bí oṣù 22 ló fi ń gbé oyún, ẹ wo bó ṣe máa pẹ́ tó kí wọ́n tó pọ̀ sí i. Ní 2021, àjọ IUCN kọ ọ́ sí ara àwọn ẹranko tó kù fẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n parẹ́ láyé. Túrùkú wà níbẹ̀, ẹtu wà níbẹ̀, ọ̀bọ oríṣiríṣi, àti ìwọ̀nba ìnàkí.

Ẹ má sì jẹ́ kí n purọ́ fún yín, igbó náà kò pé mọ́. Wọ́n ti gé gẹdú ibẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, wọ́n gbin igi Gmelina rọ́pò rẹ̀ lápá ibi púpọ̀, àwọn olóko kòkó sì ti wọnú rẹ̀ lọ jìnnà. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ẹranko kò tó nǹkan. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á jáde wá omi. Àlà tí a fi gègé fà sórí ìwé, erin kò lè kà á.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an wá nìyí. Ní 1994, mo fọwọ́ sí ilé kan ní irú ibẹ̀.

N kò ní dárúkọ abúlé náà, n kò sì ní dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, torí ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tiwọn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ̀wé wá. Ọmọlúàbí èèyàn. Kò fún mi ní kọ́bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀. Adìyẹ kan ló fi ránṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyàwó mi ló sì gbà á. Ilẹ̀ rẹ̀ kò sí nínú igbó ọba, ilẹ̀ ẹbí ni, odò kékeré kan ló pààlà láàárín òun àti igbó. Ìwé rẹ̀ pé.

Mo gun ọ̀kadà débẹ̀ lọ wò ó. Bàbá ọdẹ kan ló mú wa wọlé. Nígbà tí a dé ìdí ilẹ̀ náà, ó dúró, ó fi àdá rẹ̀ tọ́ka sí ojú ọ̀nà kan tó dán bíi pé wọ́n fi katakata gbá a. Ó ní, "Ọ̀gá, ọ̀nà àwọn erin nìyí o. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ibí ni wọ́n ń gbà lọ mumi." Igi ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn tí ẹrẹ̀ gbígbẹ lẹ̀ mọ́ lára. Mo nawọ́ sókè, ọwọ́ mi kò dé ibi tí ẹrẹ̀ náà dé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ara họ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Bàbá, a ó ní kí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín.

Mo wá tú fọ́ọ̀mù mi. Báwo ni ilé ṣe jìnnà sí ojú ọ̀nà? Mo wọ̀n ọ́n. Báwo ni sọ́kàwéè ṣe jìnnà sí kànga? Mo wọ̀n ọ́n. Fèrèsé mélòó ló wà ní yàrá? Òrùlé ńkọ́? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ ló dáa. Kò sí àyè kankan nínú fọ́ọ̀mù yẹn tí mo lè kọ erin sí. Mo kọ "kò sí ìdíwọ́", mo buwọ́ lù ú. Ọ̀gá wa tó kọ́ wa ní Jọ́gíráfì wà níwájú níbí. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní kíka máàpù, wọ́n sì kọ́ mi dáadáa. Ohun tí mo kọ̀ láti kà lọ́jọ́ náà, tèmi ni.

Ilé náà kò ṣe erin ní nǹkan kan o. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ló ṣe é. Típà tó ń gbé yanrìn kò lè gba ojú ẹsẹ̀ ọdẹ, nítorí náà wọ́n la ọ̀nà, wọ́n da òkúta sí i. Kí ilé náà tó kan òrùlé, àwọn agégi ti rí ọ̀nà. Òru ni wọ́n ń wá pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgégi, kí ilẹ̀ tó mọ́ pákó ti dé títì. Jẹnẹrétọ̀ dé. Ajá dé. Ọ̀gá wa fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbin ìdí bí ọgọ́ta sẹ́yìnkùlé, àfi bí ẹni fi ìwé pe erin síbi àsè.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn 1997, àwọn erin dé lóru ọjọ́ kan. Wọ́n jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n wó táǹkì omi. Ajá ń gbó, ọ̀gá wa ń ké nínú ilé, ó ń yin ìbọn sókè. Mẹ́gáádì rẹ̀, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, sá gba ẹ̀yìnkùlé, ó já sínú sọ́kàwéè tí wọn kò tíì bo ìdajì rẹ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́. Mo lọ kí i ní ọsibítù. Ìyàwó rẹ̀ bi mí léèrè bóyá èmi ni lọ́yà. Mo ní rárá. N kò lè sọ fún un pé èmi ni mo wọn sọ́kàwéè náà. Ọmọkùnrin náà kò rìn dáadáa mọ́ láti ìgbà náà. Bí ẹ bá rí i tí ojú mi ń yí padà lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun ni mò ń rántí, kì í ṣe erin.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn erin kò wá mọ́. Àwọn ará abúlé ní kí a dúpẹ́. Ìwé ẹlẹ́ẹ̀kejì sì dé orí tábìlì mi. Ohun tó kọ sínú rẹ̀ ni pé ilé kan ti wà níbẹ̀, ọ̀nà ti wà níbẹ̀, kí ló dé tí òun kò fi lè kọ́? Kí ni mo fẹ́ wí? Mo fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta mú ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí mo fi máa fẹ̀yìn tì ní 2007, ilé mọ́kànlá ni mo kà níbẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn, ọwọ́ mi ló wà lábẹ́ ìwé wọn. Ọ̀gá wa tó kọ́kọ́ kọ́lé ńkọ́? Ó ti padà sí ìlú láti 2001. Ilé náà wà ní títì. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ pé ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ti pọ̀ jù fún òun.

Ẹ ó ní, òfin ńkọ́? Òfin wà. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára lórí ilẹ̀ ìgbèríko. Nínú igbó ọba, àwọn aṣọ́gbó ló ni àṣẹ. Òfin ètò ìlú àti ìgbèríko, Decree 88 ti 1992, ni a fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo fọwọ́ sí ilé yẹn. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé gbígbé sórí ilẹ̀ tó ju hẹ́kítà 2 lọ mú ìwé wá tó sọ ohun tí ilé náà máa ṣe sí àyíká. Ẹ wò ó dáadáa. Ilé ọ̀gá wa kò tó hẹ́kítà kan. Éékà mẹ́ta Lábọ́, hẹ́kítà kan àti díẹ̀ ni. Ilé kéékèèké mọ́kànlá lè bọ́ sí ẹnu igbó, kí ẹnikẹ́ni má bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti dájọ́ ní 2003 pé ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú, kí kálukú lọ wo òfin ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tó ní àyè erin, èmi kò tíì rí i.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Ahéré olóko kòkó tó wà nínú igbó, a máa ń gbọ́ pé wọ́n wó o. Ilé onífàráńdà méjì tó wà lódìkejì odò, ìwé àṣẹ ló gbà. Erin kan náà ni àwọn méjèèjì ń dí lọ́nà.

Ní 2011, ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Oregon, ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, bímọ. Ìyá rẹ̀ lọ tọ́jú ọmọ, èmi náà tẹ̀lé e. Ẹ mọ̀ pé ọkùnrin kì í rí iṣẹ́ ṣe nílé ọlọ́mọ tuntun. Mo wọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ilé ládùúgbò wọn, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí bí tiwọn ṣe rí. Igbó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, gẹdú ni òwò wọn. Láti 1973 ni wọ́n ti ní òfin ilẹ̀ tó kan gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Oríṣi ọ̀nà bíi mélòó kan wà tí èèyàn lè gbà kọ́lé sórí ilẹ̀ igbó, ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ.

Wọ́n á fà igun mẹ́rin lórí máàpù, éékà 160, ilẹ̀ tìrẹ á wà láàárín. Wọ́n á wá kà. Ní apá ìwọ̀ oòrùn ibẹ̀, bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ èyí tí igi ń ṣe dáadáa jùlọ lórí rẹ̀, ilẹ̀ mọ́kànlá mìíràn, tàbí apá kan lára wọn, gbọ́dọ̀ wà nínú igun mẹ́rin náà, pẹ̀lú ilé mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ tí igi kò fẹ́ràn, ilẹ̀ mẹ́ta tó. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn, ilẹ̀ àti ilé, gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù January, 1993.

Mo ka ọjọ́ yẹn, mo jókòó. Ẹ rí nǹkan! Ilé tí wọ́n bá kọ́ lónìí kò lè di ẹ̀rí fún ilé ọ̀la. Kò sí ẹni tó lè wá sọ pé ilé kan ti wà níbẹ̀, bí ilé náà bá jẹ́ èyí tó dé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Bí mo bá ní gbólóhùn kan péré bẹ́ẹ̀ ní 1994, ilé ọ̀gá wa ìbá dá wà títí di òní.

Ohun mìíràn ṣì wà. Òrùlé tí iná kò lè tètè ràn, àwọ̀n lẹ́nu èéfín, ilé kò gbọ́dọ̀ wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ga jù. Onílé á tún buwọ́ lùwé pé òun kò ní pe aládùúgbò lẹ́jọ́ nítorí pé ó ń gégi tàbí pé ẹ̀rọ rẹ̀ ń pariwo. Wọ́n á fi ìwé náà pamọ́ sára ìwé ilẹ̀. Ní ẹkùn kan tí wọ́n ń pè ní Deschutes, níbi tí àwọn ẹranko bí ìgalà ti máa ń lo ìgbà òtútù, ilé tuntun kò gbọ́dọ̀ jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 300 lọ sí ọ̀nà tó ti wà tẹ́lẹ̀, àfi bí onílé bá fi hàn pé ibòmíràn kò ní pa ẹranko lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn náà mọ̀ pé ọ̀nà ni ọ̀rọ̀.

Ẹ má rò pé wọn kò jà. Wọ́n jà gidi. Àwọn tó ti fi owó ra ilẹ̀ ní ìjọba ti fi òfin gba ilẹ̀ mọ́ àwọn lọ́wọ́, ó sì ṣòro láti dá wọn lẹ́bi. Ní 2004, àwọn ará ìlú dìbò pé kí ìjọba san owó ìtanràn fún wọn tàbí kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ́lé. Ní 2007, wọ́n tún dìbò, wọ́n dín in kù. Mo sọ èyí nítorí Lábọ́. Ẹni tó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀daràn.

Lábọ́, ìwọ wá ni mo kù tí n ó bá sọ̀rọ̀. Ṣé o rántí òfàfà? Ní 1965, alẹ́ àkọ́kọ́ wa ní hóstẹ́ẹ̀lì, igbó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná. Òfàfà kan ké lórí igi láàárín òru, a rò pé ẹnì kan ni wọ́n ń pa. Ìwọ tí o wá di púrífẹ́ẹ̀tì yìí, orí bẹ́ẹ̀dì mi ni o sùn mọ́jú. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lánàá bóyá wọ́n máa ń gbọ́ òfàfà. Wọ́n ní irú oúnjẹ wo nìyẹn?

Mo ti wo àwòrán rẹ títí. Ilẹ̀ rẹ gùn bí ìgbànú, iwájú rẹ̀ kan ọ̀nà abúlé, ẹ̀yìn rẹ̀ kan odò. Ìdí odò lọ́hùn-ún ni o ya ilé sí, kí o lè máa rí igbó láti fàráńdà. Ibẹ̀ gan-an ni n kò lè bá ọ sọ̀rọ̀ sí. Mú ilé náà wá síwájú, sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé tó ti wà níbẹ̀, kí típà má nílò ọ̀nà tuntun kankan. Kànga níwájú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ, má gbìn ín. Iná òde kò gbọ́dọ̀ kọjú sí odò. Kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ náà pé ẹ̀yìn máa wà ní igbó, torí èmi mọ àwọn ọmọ wa: ọjọ́ tí a bá kú ni wọ́n á gé e sí pulọ́ọ̀tì mẹ́fà.

Kí a tó fi okùn wọn ohunkóhun, kí a pe àwọn àgbà ọdẹ abúlé náà àti àwọn aṣọ́gbó, kí wọ́n fi hàn wá ibi tí ọ̀nà erin gbà. Bí ó bá jẹ́ pé iwájú náà ló gbà, ọ̀rẹ́ mi, a jẹ́ pé kò sí ilé nìyẹn, n ó sì kọ lẹ́tà pé kí wọ́n má fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé ó máa dùn ọ́. Lẹ́yìn ọdún tí a ti wà pọ̀, inú rẹ lè bàjẹ́ sí mi fún ìgbà díẹ̀.

Mo ti fi pẹ́ńsù ya ilé náà sí iwájú lórí ẹ̀dà àwòrán kan, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Lẹ́yìn oúnjẹ, mú awò ojú rẹ wá. Mo ti bẹ Ọ̀gá wa Jọ́gíráfì pé kí wọ́n bá wa jókòó tì í, wọ́n sì ti gbà. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ wo ilẹ̀ náà ní January, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, kí ó fún akọ̀wé ní orúkọ. Ọkọ̀ kan ni a ní, èèyàn mẹ́rìnlá ló gbà, Lábọ́ sì ti gba ìjókòó kan.